Kì í ṣe inú abọ́ oúnjẹ ni gluten ti ń wọlé: ọ̀rọ̀ ìyàwó wa tó ní celiac, àti ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ẹ̀ l'Abẹ́òkúta

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ̀rọ̀ yìí kàn, ìyàwó wa là ń pè é nílé, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síta kí àwọn tó ní irú àìsàn ẹ̀ lè rí i kà, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun ni. Oníṣẹ́ àdìrẹ ni, apá Ìtòkú níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Èmi ní tèmi, iṣẹ́ fáàmásì ni mò ń ṣe, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni wọ́n máa ń pè tí dókítà bá sọ nǹkan tí kò yé wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní celiac ni, àìsàn ìfun tí gluten inú àlìkámà máa ń fà, ó fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó fi gbogbo nǹkan tí wọ́n fi àlìkámà ṣe sílẹ̀ pátápátá, ó lé lọ́dún kan dáadáa, síbẹ̀ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò yéé sọ pé gluten ṣì ń wọ ara ẹ̀. A wá inú oúnjẹ títí, kò sí níbẹ̀.

Kí n tètè sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni inú ẹ̀ fi ń wú tó bá ti jẹun tán, ìgbẹ́ gbuuru á dé, á lọ, á tún padà, ó ń rù, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, gbogbo ìgbà tó bá sì ti dé ọsibítù wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, wọ́n á fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀, á lò ó tán, ẹ̀jẹ̀ á tún fà sẹ́yìn. Wọ́n ti tọ́jú taifọ́ọ̀dù lára ẹ̀, wọ́n ti tọ́jú aràn, wọ́n ti ní ọgbẹ́ inú ni, àwọn àgbà nílé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ro àgbo fún un. Mi ò lè bínú sí ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn, torí celiac kì í tètè wá sọ́kàn àwọn oníṣègùn wa níbí. Dókítà obìnrin kan n'Ìbàdàn ló wò ó pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dínkù láìsí ibi tó ń jò sí yìí, àfi ká yẹ ìfun wò. Wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tTG, ó ga gan-an, wọ́n ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lọ́fun, wọ́n gé bíńtín lára ìfun kékeré lọ sí láàbù, èsì dé, celiac.

Fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí: gluten ni pròtéènì tó wà nínú àlìkámà, nínú ọkà báálì àti nínú rye, òun ló ń jẹ́ kí fúláwà búrẹ́dì máa fà. Ẹni tó bá ní celiac, tí gluten bá ti dé inú ìfun kékeré ẹ̀, ara ẹ̀ á dìde sí ìfun fúnra ẹ̀, àwọn ẹran tíntìntín tó yọ lára ìfun tó ń gba oúnjẹ sára á wó lulẹ̀ pẹlẹbẹ, ìdí nìyẹn tí iron ò fi ń wọlé tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ń tó. Tí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ lágbàáyé, bí ẹnì kan nínú wọn ló ní in. Willem Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní Holland, ló rí ìdí ẹ̀ láyé ogun àgbáyé kejì, nígbà tí búrẹ́dì wọ́n nílùú wọn tí ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí yá, tí búrẹ́dì padà dé tí àìsàn náà bá a padà. Títí dòní kò sí oògùn ẹ̀. Kí gluten má wọ ẹnu ni oògùn ẹ̀, títí ayé.

Ní ti oúnjẹ, ẹni tó bá máa ní celiac, kó ní in l'Abẹ́òkúta. Láfún, àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, iyán, ìrẹsì Ọ̀fàdà, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ògì, òjòjò, kò sí gluten nínú ìkankan. Ohun tó ní láti kúrò nílẹ̀ ni búrẹ́dì, sẹ̀mó, indomie, pọfupọ́ọ̀fù, mítípáì, bíà, gbogbo mọ́ọ̀tì inú ìgò torí báálì sábà máa ń wà nínú ẹ̀, Milo náà lọ torí báálì kan náà. Àwọn magí kan ní àlìkámà nínú, ẹ ka ara páálí ẹ̀. Àkàrà tí wọ́n dín sínú epo tí wọ́n fi dín pọfupọ́ọ̀fù náà ò dáa, ìyàwó wa wá ń dín tiẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ra ajọ̀ tuntun, ra ọmọ orógùn tuntun, àwọn ọmọ ń jẹ búrẹ́dì wọn lórí tábìlì tó wà lẹ́yìn ilé. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilé yẹn mọ́.

Inú ẹ̀ yá díẹ̀ lóòótọ́, ó sanra díẹ̀, tTG bọ́ wálẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá dúró sójú kan tí kò lọ mọ́. tTG lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà sí bó ṣe yẹ, a mọ̀yẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ṣì máa bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, tiẹ̀ ò bọ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà dúró síbi tó wà. Dókítà kan tó rí i nígbà yẹn bi í léèrè bóyá ó máa ń jẹ nǹkan kan ní kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra, ó sunkún délé. Kò jẹ́ pe orúkọ mi láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, Akọ̀wé ló ń pè mí, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ̀yin náà rò pé mò ń jẹ búrẹ́dì ní kọ̀rọ̀ ni?" Mo ní, "Ìyàwó wa, kò sẹ́ni tó rò bẹ́ẹ̀ nínú wa o. Ó ń gba ibì kan wọlé ni, ẹ jẹ́ ká wá ibẹ̀."

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn ó ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan lórí WhatsApp pé gluten máa ń gba awọ ara wọlé, ó ti kó ìpara, ọṣẹ, ṣampú, kírímù irun, gbogbo ẹ̀ dà sínú báàgì kan pé òun fẹ́ lọ dà á nù, owó ńlá sì ni. Mo ní kó gbé e padà. Gluten tóbi jù ohun tó lè gba awọ tí kò lọ́gbẹ́ kọjá dé ìfun, celiac ò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tó kan ara níta, ohun tó bá dé inú ìfun ló bá a ṣe. Ohun tó máa ń da èèyàn láàmú níbẹ̀ ni pé àwọn kan wà tí àlìkámà máa ń hàn lára lóòótọ́, àléjì nìyẹn, àìsàn mìíràn ni. Ní Japan, ní nǹkan bí 2011, ọṣẹ ìfọjú kan tí wọ́n fi pròtéènì àlìkámà tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sí fa àléjì fún èèyàn tó lé ní 2,000, àwọn tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì láìséwu tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ojú wọn ń wú tí wọ́n bá jẹ ẹ́. Ìròyìn irú èyí ló máa ń tàn kálẹ̀ tí wọ́n á wá fi dẹ́rù ba oní-celiac. Kí ẹni tó ní celiac máa fi ìpara ẹ̀ para jàre, tí ara ẹ̀ ò bá yún un.

Ìbéèrè tí mo fi ń yẹ gbogbo nǹkan wò kò ju méjì lọ: ṣé nǹkan yìí máa ń dé ẹnu, tó bá sì ń dé ẹnu, báwo ló ṣe pọ̀ tó? Èyí kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé gluten tí kò bá tó 10 mg lójúmọ́ kì í sábà pa ìfun lára, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ítálì tó jáde ní 2007 sì fi hàn pé 50 mg lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta ti tó láti ba ìfun jẹ́. Ẹ wá wo fúláwà: gíráàmù kan péré, gluten inú ẹ̀ á tó bíi 80 mg. Kúùbù ṣúgà kan ṣoṣo tó gíráàmù mẹ́rin, ẹ fojú inú wo ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀, ìwọ̀nba fúláwà yẹn ti kọjá ohun tó lè ba ìfun èèyàn jẹ́.

Lípgílọ́ọ̀sì la kọ́kọ́ gbé wò torí orí ẹnu gan-an ló ń gbé. Orúkọ Látìn ni wọ́n máa ń kọ sára nǹkan ìṣaralóge, Triticum vulgare ni àlìkámà, Hordeum vulgare ni báálì, Secale cereale ni rye. Ọ̀kan nínú tiẹ̀ ní pròtéènì àlìkámà lóòótọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí, èyí tó túmọ̀ sí pé bíńtín ni. Tí èèyàn bá tiẹ̀ lá gbogbo èyí tó fi sẹ́nu lójúmọ́, kò lè dé 10 mg yẹn láéláé. Mo ní kó fi sílẹ̀ ṣá, torí kò nira láti fi sílẹ̀, òrí ló ń fi pa ètè báyìí, ètè ẹ̀ sì ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pẹ́ẹ̀sìtì tó fi ń fọ eyín ò ní nǹkan kan nínú. Àwọn olùwádìí Ítálì tún ti yẹ pẹ́ẹ̀sìtì, omi ìyọnu, lípsítìkì àti irú wọn 66 wò, ó jáde ní 2019, mẹ́rin péré ló kọjá ìwọ̀n 20 mg nínú kílò kan tí ayé gbà pé ọjà tí kò ní gluten ò gbọdọ̀ kọjá, pẹ́ẹ̀sìtì mẹ́ta àti lípsítìkì kan. Mẹ́rin yẹn sì wà, mi ò ní kí ẹ má ka ara ọjà, mo kàn ń sọ pé ẹ má jẹ́ kí oorun dá lójú yín torí ẹ̀.

Ìpara ọwọ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí ìpara ara, torí ọwọ́ la fi ń jẹun nílẹ̀ wa. Tiẹ̀ ní òróró àlìkámà nínú, a pààrọ̀ ẹ̀, ó tán.

Ti oògùn, agbègbè tèmi nìyẹn. Wọ́n máa ń fi stáàṣì mọ tábúlẹ́ẹ̀tì kó má bàa fọ́, àgbàdo tàbí ọ̀dùnkún ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ti àlìkámà, tí wọ́n bá sì kàn kọ starch lásán kò sí bí ẹ ṣe máa mọ̀, ẹ bi oníṣẹ́ fáàmásì yín kó pe àwọn tó ṣe é. Àjọ FDA, tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 2017 pé àwọn ò mọ oògùn mímu kankan tí wọ́n dìídì fi fúláwà tàbí gluten àlìkámà sí, àti pé èyí tó bá tiẹ̀ ní stáàṣì àlìkámà, gluten inú ẹyọ kan ò yẹ kó ju 0.5 mg lọ. Torí náà ẹ má da oògùn nù o, ẹni tó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró torí ẹ̀rù gluten ti fi nǹkan ńlá sílẹ̀ nítorí nǹkan kékeré. Ohun tí mo rí nínú tiẹ̀ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi kan tí ìyá ẹ̀ rà wá fún un láti ọjà, ara ìgò ẹ̀ kọ malt extract gàdàgbà, ṣíbí ńlá ló sì ń mu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. A gbé e kúrò, mo fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì iron tí mo mọ inú ẹ̀. A retí pé ìyẹn ló máa parí ẹ̀.

Kò parí ẹ̀. tTG sún díẹ̀, ó tún dúró.

Ó rántí oúnjẹ Olúwa. Ọmọ Áńgílíkà ni, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pín yẹn, àlìkámà ni, kì í sì í pa oúnjẹ Olúwa jẹ. Òun fúnra ẹ̀ lọ bá Fíkà wọn, bàbá náà gbọ́ ọ dáadáa, ó ní wáìnì nìkan tó, kò sí ohun tó kù díẹ̀ nínú ẹ̀, ó wá ya ife kékeré kan sọ́tọ̀ fún un torí inú ife ńlá yẹn làwọn mìíràn ti ń ri àkàrà wọn bọ̀, èérún á ti wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì, ìwé tí Róòmù fi ránṣẹ́ ní 2017 tún un sọ pé èyí tí gluten ẹ̀ kéré gan-an ṣeé lò ṣùgbọ́n èyí tí kò ní in rárá ò ṣeé lò, ẹ bá fádà yín sọ ọ́. A mú ìyẹn náà kúrò. Kì í ṣe ojoojúmọ́ kúkú ni, mi ò rò pé òun nìkan ló lè gbé tTG dúró bẹ́ẹ̀.

Ó ku ṣọ́ọ̀bù. Kí n sòótọ́, mi ò kọ́kọ́ ka ṣọ́ọ̀bù sí, torí ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ ẹ̀, láfún kan náà tí Ẹ̀gbá ń fi ewédú jẹ. Pákí ni láfún, pákí ò ní gluten. Wọ́n á po láfún mọ́ omi àti álọ́ọ̀mù díẹ̀, wọ́n á sè é títí á fi ki, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìyẹ ya bátànì sórí aṣọ tàbí kí wọ́n gbé páànù tí wọ́n ti gé bátànì sí lé aṣọ kí wọ́n fi ẹ̀kọ náà tẹ̀ ẹ́. Á gbẹ, wọ́n á rẹ aṣọ sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà aró ò ní í mú un, tí aró bá gbẹ tán wọ́n á wá ha ẹ̀kọ yẹn kúrò. Gbogbo ẹ̀, láfún ni. Ti aró náà, ti kẹ́míkà kọ́sítíìkì àti háídrò tí wọ́n ń lò báyìí, ìyẹn ní wàhálà tiẹ̀ fún awọ àti èémí, ṣùgbọ́n kò sí gluten níbẹ̀.

Ọjọ́ tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń múra ẹ̀kọ fún iṣẹ́ aṣọ ẹbí ńlá kan. Ìyàwó wa kì í se ẹ̀kọ fúnra ẹ̀ mọ́ ó ti pẹ́, ọmọṣẹ́ ẹ̀ àgbà ló ń sè é, ìyàwó wa fúnra ẹ̀ ló ń tẹ páànù, òun ló ń yẹ aṣọ wò, òun náà ló sì fẹ́ràn kó máa ha ẹ̀kọ gbígbẹ kúrò torí kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ ya aṣọ oníbàárà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń wò. Ọmọbìnrin náà gbé ajọ̀ kalẹ̀, ó bu láfún kọ́ǹgò mẹ́ta sí i, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì ó fa àpò kan jáde, ó bu kọ́ǹgò kan sí i, ó ń jọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun ń gbéra, ó funfun sí i lójú ìpéǹpéjú. Láfún kì í funfun tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo ní kí ni wọ́n bù sí i yẹn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fúláwà ni. Láfún nìkan máa ń là tó bá gbẹ, aró á wá rá pálá wọ abẹ́ ẹ̀, tí a bá fi fúláwà lù ú kì í là." Ibi tó ti kọ́ṣẹ́ kó tó wá síbí ni wọ́n ti kọ́ ọ, bó ṣe ń sè é látìgbà tó ti dé nìyẹn, iṣẹ́ ẹ̀ sì mọ́ dáadáa kò sẹ́ni tó ní ìdí láti bi í léèrè. Ìyàwó wa kàn gbé ọwọ́ lé orí ni.

Mo ní kí wọ́n má dá iṣẹ́ dúró, mo fẹ́ rí gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo rí rèé. Ẹ̀kọ tútù yẹn, ọwọ́ lásán ni ìyàwó wa fi ń bù ú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ lórí páànù, ó máa ń gbẹ sí i lábẹ́ èékánná. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó ké sí ọmọ kan kó mú pọ́wà wá, ó fi ọwọ́ tí ẹ̀kọ ti lẹ̀ mọ́ yẹn gbá ọ̀rá omi náà mú, ó fi eyín ya igun ẹ̀, ó fà á mu tán. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán dé, láfún àti ẹ̀fọ́ tó sè wá láti ilé, oúnjẹ tó mọ́ kangá, wọ́n gbé omi ìṣanwọ́ wá nínú abọ́, kò sí ọṣẹ, òun ló kọ́kọ́ ṣanwọ́ nínú ẹ̀, ó sì kọjú sí oúnjẹ. Lọ́sàn-án ó jókòó ha ẹ̀kọ gbígbẹ lára aṣọ tó ti jáde nínú aró, ó ń tú kébékébé, ó ń di eruku, gbogbo ẹ̀ ń lọ sókè sí imú àti ẹnu, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ.

Mi ò nílò kí n wá ibòmíràn mọ́. Ní Washington, àwọn olùwádìí kan yẹ àwọn nǹkan tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń fọwọ́ ṣe wò, ó jáde ní 2020: Play-Doh tí àwọn ọmọdé fi ń mọ nǹkan, tó jẹ́ pé àlìkámà wà nínú ẹ̀, ṣọ̀wọ́n ni wọ́n rí gluten tó kọjá ìwọ̀n lọ́wọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi fúláwà pípò tútù lẹ̀ pọ̀, ọwọ́ kún fún un. Tútù ló ń lẹ̀. Omi àti ọṣẹ sì ló ń mú un kúrò dáadáa. Ti eruku náà, àwọn dókítà ti kọ ọ́ jáde ní 2007 nípa àgbẹ̀ méjì tó ní celiac tí wọn ò jẹ gluten rárá tí ara wọn ò yá, oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n ń pò fún màlúù ló ń bù sí wọn lẹ́nu àti nímú, wọ́n ń gbé e mì láìmọ̀. Ohun tí a bá fà símú, ẹ̀yìn ọ̀fun ló ń dé, tí ó bá ti dé ọ̀fun, ìfun ló ń lọ.

Àwọn kan á ní ìwọ̀nba tó wà lábẹ́ èékánná yẹn mélòó ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìyẹ̀fun tí wọ́n pò ni fúláwà. Tí gíráàmù ìyẹ̀fun ẹ̀kọ gbígbẹ méjì bá dé ẹnu ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, láti ọwọ́, láti ọ̀rá omi, láti eruku, ìdajì gíráàmù fúláwà wà nínú ẹ̀, bíi 40 mg gluten nìyẹn, ojoojúmọ́ àfi ọjọ́ Sunday. Lípgílọ́ọ̀sì ò sún mọ́ ọn.

Ọmọṣẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára jù. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún pé wọ́n á ní òun fẹ́ pa ọ̀gá òun, pé kí wọ́n má pe ìyá òun. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyàwó wa ti dá mi dúró, ó fà á dìde, ó ní, "Dìde ńlẹ̀. Ta ló mọ̀? Èmi tí mo ni àìsàn mi ò mọ̀, ìwọ ló máa wá mọ̀?" Ó wá jókòó tì í, ó ṣàlàyé àìsàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sàn ju bí èmi ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ọmọ yẹn ló ń ṣọ́ gbogbo wọn, tí àlejò bá mú pọfupọ́ọ̀fù wọ ṣọ́ọ̀bù á ní kó lọ jẹ ẹ́ níta.

Ohun tí wọ́n yí padà: fúláwà kúrò pátápátá, èyí tó kù nínú àpò, obìnrin tó ń dín búọ̀nsì lójú títì gbà á. Wọ́n fọ páànù gbogbo pẹ̀lú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, ajọ̀ tí ìyẹ̀fun ti há sí ihò ẹ̀ ni wọ́n kúkú sọ nù. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn láti inú kẹ́ẹ̀gì oníẹnu ló dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, sánítáísà ò lè ṣe é, kòkòrò ló ń pa, kì í gbé fúláwà kúrò lọ́wọ́. Ìyàwó wa ní ìgò omi tiẹ̀, kò fi eyín ya ọ̀rá mọ́. Àmọ́ ẹ̀kọ láfún lásán ń là lóòótọ́, ọmọṣẹ́ yẹn ò purọ́, iṣẹ́ bíi mélòó kan bàjẹ́, aró wọ abẹ́ bátànì, oníbàárà kan sì bínú gan-an. Ìyá àgbà kan ní Kẹ́mta tó ti ṣe àdìrẹ láti kékeré ni wọ́n lọ bá, mama ní láfún tí wọ́n ń rà ló rí ṣákaṣàka, kí wọ́n tún un jọ̀ ní ajọ̀ tó kúnná, kí wọ́n sè é pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n má sì sá a sójú oòrùn ọ̀sán gangan, abẹ́ ìbòòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ ni kó ti gbẹ. Ó ṣiṣẹ́. Mo rí aṣọ tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, ilà ẹ̀ mú bérébéré.

Láfún yẹn náà ló tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ lọ́jà, ẹ̀rọ kan náà làwọn èèyàn ń gbé àlìkámà wá lọ̀ fún òkèlè torí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Èyí tó ń jẹ àti èyí tó ń fi ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń jáde. Ó lọ bá ọlọ́lọ̀ kan ní Láfẹ́nwá, wọ́n sọ ọ́ yanjú: òun ni ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ̀, ọlọ́lọ̀ á tú ẹ̀rọ fọ̀, wọ́n á fi pákí díẹ̀ lọ̀ ọ́ dànù kí tiẹ̀ tó wọlé, ó ń san owó lé e. Ó tọ́ sí owó náà.

Nígbà tí wọ́n tún tTG ṣe, ó ti ń bọ̀ wálẹ̀ dáadáa, èyí tó tẹ̀ lé e wọ ibi tó yẹ. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ gòkè láìfi oògùn kún un. Inú kì í wú mọ́, ó ń sun oorun ẹ̀ já, ó ti ń bá wọn lọ sí òwàńbẹ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ tiẹ̀ lọ́wọ́. Dókítà tó bi í pé ṣé ó ń jẹ nǹkan ní kọ̀rọ̀, ìyàwó wa padà lọ bá a fúnra ẹ̀, ó gbé àwòrán ajọ̀ àti àpò fúláwà hàn án lórí fóònù, dókítà náà kọ ọ́ sínú fáìlì, ó sì tọrọ gáfárà.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti ọmọ wọn obìnrin. Òbí, ọmọ, àti ọmọ ìyá ẹni tó bá ní celiac, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá wọn lè ní in, torí náà ó yẹ kí wọ́n yẹ gbogbo wọn wò. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti ṣe tiwọn, kò sí nǹkan kan. Èyí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà kì í sábà tó, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ti fẹ́ ká búrẹ́dì kúrò níwájú ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ní rárá, tí kò bá jẹ gluten ṣáájú tẹ́ẹ̀sì, tẹ́ẹ̀sì lè sọ pé kò ní in nígbà tó sì ní in. Nítorí náà ọ̀dọ̀ tèmi lọ́mọ náà wà báyìí, ibẹ̀ ló ti ń jẹ búrẹ́dì ẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, kó má bàa gbé èérún padà sílé ìyá ẹ̀.